Bi Ọkọ̀ Léèrè: Àyẹ̀wò Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ìlú Olókè 41

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ àti ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ mi dá lórí àìsàn ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ àti bí a ṣe ń wádìí rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ kì í parọ́. Tí a bá bi í léèrè létòlétò, yóò fi ibi tó ń dùn ún hàn wá. Ohun tó ń bà wá jẹ́ ni pé a kì í bi í. A ó tú èyí, a ó ra tọ̀hún, owó á tán, ọkọ̀ á sì máa ké bó ṣe ń ké tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Wọ́n tún ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wá lónìí.

Ọ̀nà wa àti ọkọ̀ wa

Ìlú olókè 41 ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Dassa-Zoumè. Oríta ńlá ni. Ẹni tó bá gbéra ní Kútọnu yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 200 kó tó rí àpáta wa. Láti ibí, ọ̀nà kan gba Ṣábẹ lọ sí Parakou, ó sì ń bá a lọ títí dé Malanville létí Odò Ọya. Ọ̀nà kejì yà sí Savalou àti Bantè, ó forí lé Djougou àti Natitingou. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn olùjọsìn Kátólíìkì bá ń rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo, tí Savalou náà sì ń ṣe ọdún iṣu, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń kún tó.

Ọ̀nà ọ̀dà kò burú. Ṣùgbọ́n iṣu kì í hù lórí ọ̀dà. Ẹni tó fẹ́ kó irè oko gbọ́dọ̀ yà sí ọ̀nà yangí, níbi tí òjò ti ṣán ilẹ̀ tó sì di poro bí oko àgbàdo. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń jìyà.

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, FIVA, fi ọdún 30 ṣe òdiwọ̀n: ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 30 ti kúrò ní ọmọdé. Pẹ̀lú òdiwọ̀n yìí, Píjó tí bàbá wa fi kó wa lọ sílé ìwé ti di àgbà. Peugeot 404 jáde ní 1960, ọdún kan náà tí orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, gba òmìnira. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀. 504 tẹ̀lé e ní 1968, wọ́n sì fi í ṣe Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù fún 1969. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, ó sì pẹ́ tó fi ń to 504. Níbi ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ àti òkúta, 404 gba ipò kìíní ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 gbà á ní 1975 àti 1978. Ẹsẹ̀ tó rọ̀, tó sì lè rì wọ kòtò jinlẹ̀ kó tún jáde, wà lára ohun tó gbé wọn débẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wa.

Ọrùn, ọwọ́, òṣùká àti oríkèé

Ẹ wo obìnrin tó ru ìkòkò omi, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ọrùn rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ọwọ́ tó fi di ìkòkò mú kò gbé ẹrù rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ìkòkò má máa mì. Òṣùká tó wà láàárín orí àti ìkòkò ni kì í jẹ́ kí amọ̀ ha a lórí. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì.

Báyìí gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí. Sípíríǹgì ni ọrùn. Ṣọ́ọ̀kù, tí àwa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní amortisseur, ni ọwọ́. Rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin, tí ẹ ń pè ní silentbloc, ni òṣùká. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, èyí tí ẹ mọ̀ sí rotule, ni oríkèé.

Ẹni tó bá ti mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Tí ọkọ̀ bá rì nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, ọrùn ni ká wò, kì í ṣe ọwọ́. Tó bá dúró dáadáa, àmọ́ tó ń jó lẹ́yìn tó ti kọjá gálọ́ọ̀pù, ọwọ́ ni ká wò. Tí irin bá ń kan irin, òṣùká ti jẹ. Tí ọkọ̀ bá ń rìn gbéregbère tí kò gbọ́ ti awakọ̀, oríkèé ti yẹ̀.

Ní iwájú 404 àti 504, ọrùn àti ọwọ́ wà nínú ara wọn: ṣọ́ọ̀kù dúró láàárín sípíríǹgì bí òpó. Earle MacPherson, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú òpó yìí. Ní ẹ̀yìn 504 gígùn onílà ìjókòó mẹ́ta, irin ìdí kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì ń gbé ẹrù, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Wọ́n tún fi àyè sí àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, láti sẹ̀ntímítà 274 ti 504 kékeré sí 290. Ọ̀pọ̀ 504 kékeré ní tirẹ̀ kò ní irin ìdí kan ṣoṣo. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè, tó ń dá sọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù sì ń lo sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ má ṣe gbé oògùn ọ̀kan fún èkejì.

Ohun tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Bàbá mi kékeré ní 504 onílà mẹ́ta kan. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí òsì lẹ́yìn. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó láti ibi tó jókòó sí, ó ní ṣọ́ọ̀kù ti kú. A ra méjì tuntun. Ọkọ̀ kò gbéra. Wọ́n ní a ó pààrọ̀ tiwájú náà. A pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì tẹ̀ sí òsì. Owó iṣu ọdún kan ló bá a lọ.

Àgbà awakọ̀ kan ló wá ní kí n pọn omi kí n fọ abẹ́ ọkọ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ àwo tí sípíríǹgì ẹ̀yìn jókòó lé. Ẹrẹ̀ pupa tó ti gan bí bíríkì bọ́ sílẹ̀, mo sì rí i: òrùka ìsàlẹ̀ sípíríǹgì kan ti ṣẹ́, ó ti wọnú àwo, èkejì rẹ̀ nìkan ló ń ru ẹrù méjèèjì. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ kò dán. Ìpẹtà ti bò ó. Ohun tó bá ṣẹ́ lánàá máa ń dán. Èyí ti ṣẹ́ ṣáájú kí a tó ra ṣọ́ọ̀kù àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ náà, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ń mú. Ohun tí ẹrẹ̀ bò, ojú ò lè rí i.

Ìbéèrè létòlétò

Ẹ kọ́kọ́ bi awakọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ń ké nígbà tó ṣófo ni, àbí nígbà tó kún? Ṣé nígbà tó bá tẹ bíréèkì ni, àbí nígbà tó bá yà? Kí ni wọ́n tú kẹ́yìn? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ọkọ̀ àtijọ́, torí ọ̀pọ̀ àìsàn rẹ̀ ló wá láti ọwọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ṣáájú: sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n fi há a, èyí tí wọ́n fi iná jó kó lè kúrú, nọ́ọ̀tì tí wọn ò fún dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi táyà. Ẹ wo afẹ́fẹ́ rẹ̀ ná, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ rìn án lójú. Tó bá jẹ ní etí méjèèjì, afẹ́fẹ́ ló kéré. Tó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní etí kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ yẹn ti wọ́: bóyá irin apá ìsàlẹ̀, èyí tó so wíìlì mọ́ ara ọkọ̀, ti tẹ̀, bóyá oríkèé ti jẹ. Tó bá ń mú ọwọ́ bí eyín ayùn nígbà tí ẹ fà á síhìn-ín, tó sì ń yọ̀ nígbà tí ẹ fà á sọ́hùn-ún, àlàìnmẹ́ǹtì ni. Tó bá jẹ ní kòtò-kòtò bí ojú ọpọ́n ayò, táyà yẹn ti ń fò lórí ilẹ̀: ẹ fura sí ṣọ́ọ̀kù, ẹ sì wò bóyá wíìlì ò bá ara rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ bi ìdúró rẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní ìlú olókè, èyí gba kí a wá a. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò. Ẹ fi tépù wọ̀n láti àárín wíìlì dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: igun tó rì kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Sípíríǹgì ẹ̀yìn òsì tó ti rẹ̀ lè gbé iwájú ọ̀tún sókè, bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Báwo la ó ṣe mọ̀? Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ láti àárín gan-an, títí ẹrù yóò fi kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Tí ẹ̀yìn bá wá dúró déédéé, iwájú ni àìsàn wà. Tí ẹ̀yìn bá ṣì tẹ̀, ẹ̀yìn ni. Kò gba owó, kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ bi ṣọ́ọ̀kù. Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ yọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó gòkè, kó padà, kó dúró. Tó bá ń jó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, agbára ti tán nínú ṣọ́ọ̀kù. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá epo ń ṣàn. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ àtijọ́, títẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, torí rọ́bà tó ti gan lè di ẹsẹ̀ mú, kí ṣọ́ọ̀kù tó ti kú dà bí alààyè. Ẹ̀rí mìíràn wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ gbé ọkọ̀ gba ọ̀nà yangí oníporo fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjèèjì. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù ni láti sọ jíjó sípíríǹgì di ooru. Èyí tó ṣiṣẹ́ yóò móoru. Èyí tó bá tutù nígbà tí èkejì rẹ̀ gbóná, ọ̀lẹ ni. Kìkì pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan páìpù èéfín tàbí ibi bíréèkì, nítorí wọ́n á jó yín.

Ẹ bi oríkèé. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Tó bá ń mì, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Tí mímì bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn wíìlì ni. Tí kò bá dáwọ́ dúró, oríkèé ni. Ẹ tún di í mú lọ́tùn-ún àti lósì: mímì níbẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí taì rọ́ọ̀dù tàbí àpótí sitíárìn. Fún òpó iwájú Píjó, ẹ fi ọwọ́ kan lé sípíríǹgì, kí ẹlòmíràn máa yí sitíárìn díẹ̀díẹ̀. Tí sípíríǹgì bá ń ká jọ tó sì ń ta kì, bẹ́árìn orí òpó ti gan.

Ẹ bi òṣùká. Rọ́bà kì í dúró de ìrìn kó tó gbó; ọjọ́ orí nìkan tó o. Ọkọ̀ tó jókòó sílé lọ́dún mẹ́wàá lè ní rọ́bà tó ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi ọ̀pá irin rọra ti irin apá síwá sẹ́yìn, kí ẹ máa wo bó ṣe ń yẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa ní etí bóòtì ń sọ pé irin ti ń ha irin. Tí rọ́bà bá ń ké fín-ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì sí i. Epo ń wú rọ́bà, ó sì ń pa á. Tí ẹ bá sì fẹ́ de silentbloc tuntun, ẹ má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó fún un pa. Tí ẹ bá fún un lókè, ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà náà ti lọ́ lọ́rùn, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ya. Mo ti rí ọ̀pọ̀ rọ́bà tuntun tí wọ́n ní ó jẹ́ ayédèrú, tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó dè é ló pa á.

Ní ìparí, ẹ bi ọ̀nà. Ẹ yan ojú ọ̀nà kan tí ẹ ó máa fi dán gbogbo ọkọ̀ wò: ibi tó tẹ́jú, ibi tó ní gálọ́ọ̀pù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ìró kòkò nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì sábà máa ń wá láti rọ́bà irin apá. Ìró kékeré lórí òkúta wẹ́wẹ́ sábà máa ń wá láti orí ṣọ́ọ̀kù tàbí ọ̀pá tó ń so ọ̀tún mọ́ òsì. Tí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pààrọ̀ àyè táyà iwájú méjèèjì ná. Tí fífà náà bá yí padà, táyà ló ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì rántí pé ìró máa ń gba inú irin rìn. Ibi tí etí ti gbọ́ ọ lè má jẹ́ ibi tí àìsàn wà.

Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Jáàkì wà fún gbígbé, kò sí fún dídúró. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Ẹ lo sitáǹdì onírin lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà yòókù síwájú àti sẹ́yìn, pàápàá níbi tí ilẹ̀ wa ti ń dagun. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Ó máa ń fọ́ lójijì, kì í kìlọ̀.

Sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀ sì jẹ́ ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì orí òpó láìjẹ́ pé irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì pọ̀ ti dè é ṣinṣin. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi wáyà dì í. Ẹ fi sílẹ̀. Wáyà kan tó já lè gba ojú, ó lè gba ẹ̀mí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Tí ìdáhùn bá ti jáde, ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì tàbí ṣọ́ọ̀kù ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì. Ẹ tún ohun kan ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó kan òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè gbádùn kí ẹ má mọ ohun tó wò ó sàn, ẹ ò sì ní í rí ohun tí ẹ ó fi kọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má dúró dìgbà tí táyà bá yà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú èrò mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀. Ẹrù tí ọrùn kò lè rù, ẹ má dì í lé orí ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀ ju èyí tí mo mú wá lọ. Àwọn kan nínú yín ń fi etí nìkan mọ silentbloc tó jẹ yàtọ̀ sí oríkèé tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ bá sùn ló ń bá a sùn. Mo bẹ̀ yín, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tàbí ní èdè Ìdáàṣà wa: ọkọ̀ wo ló wá, kí ni awakọ̀ sọ, kí ni táyà sọ, sẹ̀ntímítà mélòó ni igun kọ̀ọ̀kan, kí ni a pààrọ̀, ǹjẹ́ ó gbádùn? Owó ìwé náà kò tó owó ṣọ́ọ̀kù kan tí a rà láìnídìí.

Tí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bi í, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó na ọwọ́ sí sípánà.